Ojú Tí Kò Sí Nínú Àwòrán

Ní oṣù Kejìlá, bí yìnyín bá ti bo pápá Vaux-le-Tremble lókè Ardennes,
bàbá mi á bọ́ aṣọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé sílẹ̀,
á wọ aṣọ ogun olóògbé,
á dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó ń fi ara pìtàn.
Kò gbé ìbọn.
Kámẹ́rà ló gbé kọ́rùn, irin dúdú tó wúwo bí ọmọ ọwọ́;
awọ tó dè é ti já, okùn bàtà la fi so ó.
Àwọn yòókù ń yin ìbọn tí kò lọ́ta,
wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, wọ́n ń gbọn yìnyín lára,
wọ́n ń béèrè kọfí.
Òun nìkan ni kì í ṣubú.
Ohun tí gbogbo ayé ń sá fún ni ó ń sáré tọ̀.

"Ta lẹ̀ ń ṣe?" ni ọmọdé kan bi í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.
"Delbert Hruska, ṣọ́jà ayàwòrán,
ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ará Nebraska."
"Èèyàn mélòó ló pa?"
Bàbá mi wo bàtà ara rẹ̀.
"Kò pa ẹnì kankan. Àwòrán igba ó lé mẹ́rìnlá ló yà.
Ó ku ẹyọ kan kí fíìmù tó tán nígbà tí wọ́n pa á."
Ọmọ náà lọ wo ọkọ̀ ogun.

Mo mọ àwọn àwòrán yẹn bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́:
ẹṣin tó kú sídìí kànga;
ṣọ́jà tó bu omi sínú fìlà irin, tó ń fá irùngbọ̀n;
obìnrin tó ń gbá ìloro ilé tí kò ní òrùlé mọ́;
ọmọbìnrin kékeré lórí àpótí ọta, ó di búrẹ́dì mú
bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á.
Delbert kò sí nínú ọ̀kankan.
Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Lọ́dún yìí, ìyá àgbà kan dé lórí àga onítáyà,
ọmọ ọmọ rẹ̀ ń tì í, táyà ń rì.
Léontine Wathelet, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.
Ó wo bàbá mi tó dúró ṣánṣán, tó gbé kámẹ́rà sójú.
Ó ní, "Rárá.
Kò dúró báyẹn."
Àwọn oníbọn pàápàá dákẹ́.
"Ó kúnlẹ̀ ni. Orúnkún méjèèjì nínú yìnyín.
Odidi ọkùnrin kúnlẹ̀ fún èmi ọmọ ọdún márùn-ún!
N kò rí irú rẹ̀ rí, n kò sì rí i mọ́.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ìka rẹ̀ ti di aró.
Ó ń fi imú kọ orin. Orin náà kò dùn."

Bàbá mi, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu,
tó ń mí hẹlẹ kó tó gun bọ́ọ̀sì,
kúnlẹ̀.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́.
Ìyá gbé àgbọ̀n sókè, ó ń wá nǹkan tí yóò dì mú;
ọmọ ọmọ rẹ̀ fún un ní bisikíìtì àjẹkù.
Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́yà.

Ìgbà yẹn ni mo wo ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì.
Nísàlẹ̀ àwòrán oníbúrẹ́dì, ohun dúdú kan wà
tí mo ti ń pè ní àbàwọ́n láti kékeré.
Kì í ṣe àbàwọ́n. Orí tó tẹ̀ ni, èjìká, ìgbọ̀nwọ́ méjì:
oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ya Delbert
níbi tó ti ń ya ẹlòmíràn.

Kámẹ́rà bàbá mi kò ní fíìmù. Kò ní in rí.
Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún "kẹ́."
Ìyá àgbà nu ojú.
"Mo ṣẹ́jú," ló wí. "Tún un yà."